Bí a ṣe ń ṣe wáyà píẹ́sò tí agbára rẹ̀ kò fi ní sá lọ mọ́ wa lọ́wọ́

Wáyà píẹ́sò àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìyẹn wáyà tó ń mú iná kékeré wá bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, kú mọ́ mi lọ́wọ́ láì jóná. Kò rùn, kò dúdú, kò sì já. Ọjọ́ méjì ni mo fi kó o. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fọhùn bí ẹni ń kanlẹ̀kùn lójú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìró iná sójú gíláàsì. Ohun tó kù ò ju kí n lẹ wáyà tí yóò gbé ìró náà jáde mọ́ ìdí rẹ̀. Mo ki irin sódà bọ iná, mo lẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń lẹ ẹsẹ̀ tíránsísítọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ iṣẹ́. Nígbà tó tutù, mo tún tẹ̀ ẹ́. Láti ojú sódà títí dé bí ìbú ìka mẹ́rin, kò dáhùn mọ́. Ibi tó kù ń dáhùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn ti di wáyà lásán.

Ojú kì í rí àrùn yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, pàápàá fún ẹ̀yin ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní OAU àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tábìlì àtúnṣe rédíò nígboro Ilé-Ifẹ̀. Kíkó wáyà yìí pọ̀ kò le. Kí agbára rẹ̀ má sá lọ nígbà tí ẹ ń kó o ni iṣẹ́.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó ń bà á jẹ́

Ẹ gé wáyà áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n wò: bàbà wà láàárín, rọ́bà funfun yí i ká, àwọ̀n bàbà tẹ̀ lé e, èèpo dúdú wà lóde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà píẹ́sò rí, àfi pé ohun tó wà nípò rọ́bà funfun yẹn kì í kàn jókòó síbẹ̀. Ike kan ni, PVDF lorúkọ rẹ̀. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, tó bá fà á, tó bá gbọ̀n ọ́n, iná kékeré á yọ láàárín bàbà inú àti àwọ̀n òde. Ẹni tó bá ti tẹ láítà gáàsì tó ń ró "kà!" rí ti mọ iṣẹ́ píẹ́sò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun líle tó dà bí ṣáínà abọ́ ló wà nínú ti láítà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Jacques àti Pierre Curie, ló kọ́kọ́ rí i lára òkúta kírísítálì ní Paris lọ́dún 1880. Ó di 1969 kí Heiji Kawai ní Jàpáànù tó fi hàn pé ike PVDF náà lè ṣe é. Ike ṣeé ká, ó ṣeé nà. Ẹ lè tẹ́ ẹ sínú títì kó máa ka mọ́tò, ẹ lè so ó mọ́ ọgbà kó máa gbọ́ ẹni tó ń gùn ún, ẹ lè tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kó máa gbọ́ èémí rẹ̀.

PVDF tó kàn jáde láti inú ẹ̀rọ kò lè ṣe nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ẹ̀wọ̀n gígùn tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀; háídírójìn wà ní apá kan ẹ̀wọ̀n, fúlórínì wà ní apá kejì, apá àkọ́kọ́ jẹ́ pọ́sítífù, ìkejì jẹ́ nẹ́gétífù. Nínú ike lásán, ẹ̀wọ̀n kan kọjú sápá ọ̀tún, èkejì kọjú sósì, wọ́n sì ń pa agbára ara wọn. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fa ike náà ní bíi 80°C títí yóò fi gùn ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ̀wọ̀n lè na. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á fi iná fólítì ńlá mú kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Èmi ń pe iṣẹ́ kejì yìí ní títò. Ẹ rántí asẹ́ḿbílì ilé ìwé: fólítì ni tíṣà tó mú pàṣán dání. Àwọn ọmọ tò. Tíṣà kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣì tò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oòrùn ta sí wọn lórí díẹ̀, kí ẹ wo bí ìlà yẹn ṣe máa wọ́.

PVDF kì í yọ́ títí di bíi 170°C, ohun tó sì ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Láti bíi 60°C ni ìlà ti ń tú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń le sí i láti bíi 80°C, kò ní dúró de yíyọ́. Ẹ fi wé àwọn nǹkan tó wà lórí tábìlì wa: irin sódà ń ṣiṣẹ́ ní 350°C. Rọ́bà tí a máa ń fi ooru sún kì mọ́ ojú wáyà ń fẹ́ 90°C sí 120°C. Polyethylene tí ilé iṣẹ́ ń yọ́ dà lé wáyà gẹ́gẹ́ bí èèpo ń jáde ní nǹkan bí 180°C sókè. Dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tí ẹ páàkì sínú oòrùn ọ̀sán láìṣí fèrèsé lè gbóná tó 70°C. Nítorí náà ọ̀rá yín, ìyẹn PVDF tí wọ́n ṣe ní fẹ́lẹ́, tí ẹ gbàgbé síbẹ̀ ti ń bàjẹ́ kí ẹ tó gbé abẹ rárá.

Òfin kan ni mo wá ń tẹ̀ lé: iṣẹ́ tó bá ní ooru nínú, mo máa ń parí rẹ̀ kí títò tó dé, bí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní ṣe é rárá. Ní Igbó Olókun, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15, àwọn tó ń fi gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ mọ irú ètò yìí dáadáa: wọ́n á fà á nígbà tó gbóná, wọ́n á gé e nígbà tó tutù. Ẹni tó bá pa á dà á fọ́ ọ.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra ọ̀rá PVDF tí wọ́n ti fà, tí wọ́n sì ti tò, kí ẹ kó o mọ́ bàbà ní tútù. Ẹ sì lè fi ike kun bàbà fúnra yín kí ẹ tò ó kẹ́yìn. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rà àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ rà

Ọ̀rá tó dára fún iṣẹ́ yìí nípọn tó 28 µm, ìyẹn ìdá 28 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Èyí tó nípọn ní 52 µm náà wà, ó le díẹ̀ láti yí mọ́ bàbà tín-ín-rín. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fi fàdákà tàbí irin mìíràn kùn ní ojú kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ rèé: nígbà tí ẹ bá ń kó o, etí ìkó kan á gorí ìkó tó ṣáájú. Bí irin bá wà ní ojú méjèèjì, irin òde ti ìkó àkọ́kọ́ á kan irin inú ti ìkó kejì, bàbà àárín á sì so pọ̀ mọ́ àwọ̀n òde. Ṣọ́ọ̀tì nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Bí irin bá wà lójú kan, tí ojú yẹn sì kọjú síta, wàhálà yìí kò sí.

Fún àárín, mo fẹ́ràn bàbà kan ṣoṣo tó yí róbótó, tó fẹ̀ ní mílímítà 1, ju ìdìpọ̀ bàbà tín-ín-rín lọ. Ìdìpọ̀ máa ń ní gọ́tà láàárín okùn kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ á sì jókòó sínú gọ́tà náà. Ọ̀tá ni afẹ́fẹ́ níbí: PVDF ń gba iná mọ́ra ní ìlọ́po bíi 12 ju afẹ́fẹ́ lọ, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí kò nípọn ju 2.3 µm lọ tó gbogbo ọ̀rá 28 µm láti dínà. Àlàfo tí ojú ò lè rí ti jẹ ìdajì iṣẹ́ yín.

Bàbà tí àwọn tó ń tún mọ́tò fáànù yí máa ń lò, ẹ yẹra fún un. Ó pupa, ó dán, ó jọ bàbà ìhòòhò, ṣùgbọ́n fáníìṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kó o tán bẹ́ẹ̀ kó tó fi mítà kàn án. Mo béèrè pé ṣé kò fi abẹ họ ọ́ wò ni. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń dán ni mo ṣe rò pé kò ní nǹkan kan lára." Dídán gan-an ni fáníìṣì.

Ẹ tún wá wáyà áńtẹ́nà kan tí ẹ ó yọ àwọ̀n bàbà inú rẹ̀, sípírítì, sáńpépà tó kúnná jù, réésà tuntun, rúlà irin, gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí ẹ ó gé nǹkan lé, àti mítà tó lè ka nF (nánófárádì, òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń kó iná pamọ́ tó). Acetone kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì, àti omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́sì rẹ́, nítorí acetone ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ń mú kí PVDF wú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lẹ sódà nísinsìnyí

Ẹ gé bàbà tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn ju wáyà tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ lẹ wáyà tí yóò gbé ìró jáde mọ́ ìdí rẹ̀ kan nísinsìnyí, nígbà tí ọ̀rá ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ọ̀rá náà kò ní mọ̀ láéláé pé irin sódà wà nínú yàrá yẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú bàbà dán

Ẹ fi sáńpépà họ gbogbo gígùn rẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì fà á láti ìdí dé orí. Ohunkóhun tó bá fa ìka yín á gún ọ̀rá. Ẹ fi sípírítì nù ún. Láti ìgbà yìí lọ, ìbọ̀wọ́ ni, nítorí òróró ọwọ́ àti òógùn máa ń jẹ́ kí iná jò lórí ọ̀rá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ojú àti ìhà ọ̀rá

Apá tí wọ́n fa ọ̀rá náà sí ló ní agbára jù. Bí ẹ bá gé ọ̀já yín, ìyẹn ègé ọ̀rá tín-ín-rín tí ẹ ó kó mọ́ bàbà, ní ìbú dípò òró, ẹ ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ nù pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Ẹ fi réésà sán igun kan díẹ̀, kí ẹ fà á ya: ìhà tí wọ́n fà á sí ló máa ń ya wọ́ọ́rọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìhà yẹn ni òró ọ̀já yín.

Ẹ wá gé e lórí gíláàsì, ní ìbú mílímítà 3. Réésà tuntun ni mo wí. Èyí tó ti kú ẹnu máa ń wọ́ irin náà yí etí ọ̀rá dé ẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀tì tí ẹ ò ní rí nìyẹn. Ọ̀já mítà kan ààbọ̀ á tó fún wáyà mítà kan.

Ẹ mú ègé kékeré tó kù, ẹ so ó mọ́ oscilloscope, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ wo bóyá ìró rẹ̀ lọ sókè ni tàbí sísàlẹ̀. Ẹ fi bírò fàmì sí ojú kan náà lórí gbogbo ọ̀já. Ẹ má ṣe fojú di àmì yẹn, màá padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíkó

Ẹni tó bá ti wo ìyá àgbà tó ń fi òwú kó irun ti rí iṣẹ́ yìí parí. Wọ́n á fi ọwọ́ kan di irun mú, òwú á máa yí i, ìkó kan á sùn ti èkejì. Wọn ò jẹ́ kó dẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó le débi tí orí á fi máa dun ọmọ. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ọwọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ dè bàbà sáàárín ìdè méjì tó lè yí, kí ìdè méjèèjì máa yí pọ̀. Bí ẹ bá yí ẹyọ kan nìkan, bàbà á lọ́ bí okùn, tó bá sì tú padà, ọ̀rá yín á yọ wẹ́wẹ́. Dírílì ọlọ́wọ́ ni mo ń lò, mi ò lo ti oníná, ó ń kánjú jù.

Ẹ fi téèpù kékeré lẹ orí ọ̀já mọ́ bàbà, ojú onírin síta, ní gẹ̀rẹ́ bíi ìdajì igun 90°, ìyẹn 45°. Pẹ̀lú ọ̀já mílímítà 3 lórí bàbà mílímítà 1, ìkó kan á máa gorí etí ìkejì ní bíi mílímítà 1. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wáyà náà gbọ́ fífà gígùn ju títẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀já dùbúlẹ̀ sí i, kó máa tẹ̀ lé bàbà.

Ẹ fi nǹkan kọ́ sí ìdí ọ̀já kó máa fà á bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í dúró. Gíráàmù 100 ló tó. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n: ẹ da omi pọ̀ọ̀wọ́tà kan sí ọ̀nà márùn-ún, ẹ so ìdá kan nínú ọ̀rá kékeré kọ́ ọ. Mo ti rí ẹni tó gbé odidi pọ̀ọ̀wọ́tà kọ́ ọ̀já bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 500 lórí ọ̀já tó fẹ̀ ní mílímítà 3, tó sì nípọn ní 28 µm, ti kọjá ohun tí PVDF lè gbà. Ó máa na, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Kò ní já, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀.

Ẹ wá yí i. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fi ojú tẹ̀ lé etí tó ń gorí etí. Bí afẹ́fẹ́ fáànù bá ń gbọ̀n ọ̀já, ẹ pa fáànù, kí ẹ fara da ooru Ifẹ̀. Níbi tó bá parí, téèpù kékeré míì.

Bí ọ̀já bá tán lójú ọ̀nà, tí ẹ fẹ́ fi òmíràn kún un, ẹ wo àmì bírò. Mo ti ṣe wáyà mítà kan rí tí mítà kà dáadáa, kò sí ṣọ́ọ̀tì, kò sí àlàfo, síbẹ̀ bí mo ṣe fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò sọ ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo tó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ láti ìdí dé orí. Ìdajì rẹ̀ ń fò sókè lójú ẹ̀rọ, ìdajì kejì ń fò sísàlẹ̀. Ọ̀já kejì tí mo fi kún un wá láti ara ọ̀rá tí wọ́n tò ní òdìkejì, mo rò pé ojú onírin nìkan ló yẹ kí n wò. Ohun tí apá kan ń mú wá ni apá kejì ń kó lọ. Mítà tó ń ka nF kò lè rí èyí láéláé.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọ̀n bàbà

Ẹ bó èèpo wáyà áńtẹ́nà, ẹ ti àwọ̀n rẹ̀ láti orí àti ìdí wọnú ara wọn. Á wú, á fẹ̀ bí àpò. Ẹ ki wáyà yín bọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fa orí àti ìdí rẹ̀ padà kó gbá wáyà mú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá yọ ní sẹ̀ǹtímítà kan síwájú àwọ̀n ní ìdí méjèèjì, kí okùn bàbà kan tó tú má baà lọ kan àárín. Bí àwọ̀n bá dẹ̀, á máa fi ara ha ọ̀rá nígbàkígbà tí wáyà bá mì, ara híha yẹn náà ń mú iná wá, ariwo lásán tí ẹ ó máa pè ní ìró.

Fún wáyà ilẹ̀ tó máa jáde láti ara àwọ̀n, ẹ má lẹ sódà. Ẹ fi òrùka bàbà kékeré tí a fi pílásì fún pọ̀ mú un. Ẹni tí kò bá lè ṣe é láì lẹ sódà, kó fi ìrù àwọ̀n gígùn sílẹ̀, kó lẹ sódà mọ́ ìpẹ̀kun ìrù náà, kí pílásì àti akísà tútù wà láàárín ibẹ̀ àti wáyà.

Ìgbésẹ̀ 6: Èèpo òde

Ilé iṣẹ́ ńlá ní ọgbọ́n tiwọn. Àwọn kan ń da èèpo tó gbóná lé e ní fẹ́lẹ́, wáyà á sì gba inú omi tútù kọjá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn kan ń ṣe ike, àwọ̀n àti èèpo tán, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tó tò ó. Àwa tí a wà lórí tábìlì, téèpù rọ́bà dúdú tí a fi ọwọ́ yí, tàbí páìpù sílíkónì rírọ̀ tí a fi sípírítì yọ̀ sórí rẹ̀, ni kí a fara mọ́. Kò lẹ́wà tó ti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbóná.

Ẹ fi sílíkónì dí ìdí méjèèjì nítorí omi. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á: èyí tó ń rùn bí fínígà ní ásíìdì nínú, á jẹ bàbà yín láti inú. Èyí tí kì í rùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò mẹ́ta

Àkọ́kọ́, ẹ fi mítà ka ohms láàárín àárín àti àwọ̀n. Kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Bó bá ń ka nǹkan, òógùn ọwọ́, ọ̀rinrin tàbí okùn bàbà kan ló wà níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ ka nF. Bàbà mílímítà 1 àti ọ̀rá 28 µm, bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, á fún yín ní nǹkan bí 12 nF fún mítà kan. Ẹ ò ní rí i. Bí ẹ bá rí ju ìdajì rẹ̀ lọ, ọwọ́ yín dára. Bí ẹ bá rí 2, ìkó yín dẹ̀ tàbí fáníìṣì wà lára bàbà.

Ìkẹta ni ti ìka: ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi ẹ̀yìn bírò kàn án jẹ́jẹ́ láti gíga kan náà, kí ẹ kọ gíga ìró àti ìhà rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní àlàfo tàbí ooru ti kàn án. Ibi tó yí ìhà padà, ẹ ti mọ ìtàn ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tí ẹ fi ń kà á. Wáyà 10 nF lórí oscilloscope tí ìdènà iná ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1 MΩ kò ní jẹ́ kí ohun tó lọ́ra ju bíi 16 Hz (ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) wọlé dáadáa. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ èémí tàbí ọkàn tó ń lù á nílò 100 MΩ tàbí ámpílífáyà tó ń ka chájì, kó má baà dá wáyà lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ìró 50 Hz tó bá ń hó lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ti iná ilé ni. Ẹ so àwọ̀n mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ.

Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye wáyà náà, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó móoru ní 60°C fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Á pàdánù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pàdánù rẹ̀ lọ́wọ́ yín nísinsìnyí, kó má jẹ́ lábẹ́ páànù oníbàárà lóṣù kejì.

Fún ẹni tó fẹ́ fi ike kun bàbà fúnra rẹ̀

PVDF lásán kò bá ọ̀nà yìí mu, torí pé kò ṣeé fà lára bàbà. Ẹ lo ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní P(VDF-TrFE), tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti nà láti ilé. Ẹ yọ́ ọ nínú DMF tàbí MEK, àwọn omi kẹ́míkà tó ń yọ́ ike, ẹ ri bàbà bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún rì í, títí yóò fi nípọn tó. DMF máa ń gba ara wọlé, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́: ìbọ̀wọ́ tó yẹ àti ibi tí ẹ̀rọ ń fa èéfín síta ni, kì í ṣe yàrá tí ẹ ń sùn.

Oṣù Keje ni mo kọ́kọ́ dán an wò. Ike tó yẹ kó mọ́ gaara funfun bí ẹ̀kọ. Ọ̀rinrin òjò ló wọ inú rẹ̀ nígbà tó ń gbẹ, ó lé ike jáde kúrò nínú DMF kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Bí mo ṣe gbé fólítì sókè, ó ta pà. Láti ìgbà náà, ọyẹ́ ni mo máa ń dúró dè, tàbí kí n gbẹ ẹ nínú ààrò tó ti gbóná sílẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi sínú ààrò ní bíi 135°C fún wákàtí méjì kó lè dì dáadáa. Kò gbọdọ̀ dé 150°C, á yọ́. Ẹ fi àwọ̀n sí i, ẹ lẹ sódà tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ síbi tí ooru rẹ̀ kò ní kan ike, ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ gbígbóná tán. Ìgbà náà ni títò kàn.

Fólítì 80 fún µm kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń ṣírò: ike 30 µm á gba 2,400. Ẹ jẹ́ kí rẹsísítọ̀ 10 MΩ wà lójú ọ̀nà, kí ẹ̀rọ náà má lè fún ju mílíáḿpù kan lọ. Tíránsífọ́mà máíkíróweefù ń pa ènìyàn, ẹ má mú un wọlé. Ẹ má dá ṣe é. Nígbà tí ẹ bá pa á, ẹ fi ọ̀pá onírẹsísítọ̀ tú iná inú wáyà dànù kí ọwọ́ tó kàn án, torí wáyà yìí fúnra rẹ̀ ń kó iná pamọ́.

Ẹ mú un gbóná sí bíi 80°C, ẹ gbé fólítì sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ dì í mú níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wá pa ààrò, ṣùgbọ́n ẹ fi fólítì sílẹ̀ títí wáyà á fi tutù dé ìsàlẹ̀ 40°C. Tíṣà ò gbọdọ̀ kúrò lórí asẹ́ḿbílì nígbà tí oòrùn ṣì ń ta.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wa ti ń dán ènìyàn wò. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan ní ogún ìṣẹ́jú tí mo bẹ̀rẹ̀. Fólítì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ààrò ṣì gbóná. Kí n tó fa jẹnẹrétọ̀, ìlà ti wọ́. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ fólítì ń jẹ láti ara bátìrì, ààrò nìkan ló ń jẹ iná ìta. Bí wọ́n bá mú un lọ, ààrò á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù fúnra rẹ̀, fólítì á sì wà lórí wáyà síbẹ̀, bí ètò ṣe wí gan-an. Ìyàtọ̀ kan ni pé ìṣẹ́jú rẹ̀ lè má pé, ẹ sì lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì lórí wáyà kan náà, kò ní bàjẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́, nF àti ìhà ìró sórí téèpù funfun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ ká wáyà náà gbàgẹ̀rẹ̀, kó má tẹ̀ ní igun, ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn kì í dé.